Ta Ló Ń Fa Garawa? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Bí A Ṣe Ń Yanjú Ìbéèrè Fìsíìsì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 àti SS3 sọ ní Abẹ́òkúta, níṣojú àwọn òbí àti olùkọ́ wọn. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi díẹ̀ tí mo tún ṣe.)

Alága wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìnáwó iléèwé, a ò ní fi ṣòfò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù. Wọ́n máa ń ní ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí díẹ̀ gbà nínú rẹ̀ níhìn-ín. (Ẹ̀rín.) Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàsán o. Ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ẹ káàsán o! Ẹn-ẹ́n, mo gbọ́ yín báyìí.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń yanjú ìbéèrè fìsíìsì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti mú bírò dání, wọ́n ń retí kí n pe fọ́múlà kí wọ́n máa kọ ọ́. N ò gbé fọ́múlà wá. Èyí tẹ́ ẹ ní nílé ti pọ̀ jù.

Àwọn àgbà ní, bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àgídìgbo ni ìbéèrè fìsíìsì. Á ní "garawa kan wà nínú kànga". Á ní "ẹnì kan dúró níwájú àpáta, ó pàtẹ́wọ́". Kò ní la ohun tó ń bi yín mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "garawa", tó sáré lọ sẹ́yìn ìwé lọ wá fọ́múlà garawa, ó ti gbéra jó kó tó gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà kan, ọmọbìnrin, orí rẹ̀ pé. Fọ́múlà tó wà nínú ìwé, ó ń kì í bí ẹni ń ki oríkì ilé wọn. Ìdánwò dé, ó gba 31 nínú 100. Mo pè é lẹ́yìn kíláàsì, mo ní, "Nínú ìbéèrè kejì yìí, ta ló ń fa garawa?" Ó ní, "Sà, m ìgbà g ni." (Fọ́múlà ìwúwo nìyẹn: m ni kìló ohun náà, g ni bí ilẹ̀ ṣe ń fa kìló kan tó.) Mo ní, "N ò bi ẹ́ ní m ìgbà g. Ta ló ń fà á?" Ó dákẹ́. Mo wá ní kó ròyìn rẹ̀ fún mi ní Yorùbá, bí ìgbà tó ń sọ ọ́ fún màmá rẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin kan ń fa omi. Okùn ń fa garawa bọ̀ wá sókè, garawa sì wúwo, ilẹ̀ ń fà á padà." Mo ní, "O ti ṣe é tán." Ó wò mí bí ẹni pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti ṣe é tán lóòótọ́! Nǹkan méjì ló dì mọ́ garawa: okùn ń fà á sókè, ilẹ̀ ń fà á sísàlẹ̀. Kò sí ẹnì kẹta. Ìṣirò ló kù, ìṣirò ni apá tó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, àti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. N ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ fi Yorùbá dáhùn WAEC o! (Ẹ̀rín.) Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara yín ní èdè tẹ́ ẹ fi ń lá àlá, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń fún ní máàkì.

Agbára, agbára, agbára

Àmọ́ ká sọ òótọ́, Yorùbá tiwa náà ní ibi tó ti ń dá wa láàmú nínú iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin tó ti mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀, a ní ó lágbára. Iyán ń fún ni lágbára. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi lágbára ju tèmi lọ. Ṣé nǹkan kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Rárá o. Nǹkan mẹ́ta la so orúkọ kan mọ́.

Èyí tí a fi ń ti nǹkan, tí a fi ń fà á, ẹ jẹ́ ká pè é ní ipá. Níútìn la fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí iyán fún yín, tí ẹ̀ ń ná díẹ̀díẹ̀ títí ebi fi padà dé, ẹ jẹ́ ká fi agbára sílẹ̀ fún un. Júùlù la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń yára ná agbára tó, wáàtì nìyẹn, n ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀ lónìí. Tí wọ́n bá bi yín ní ipá tí ẹ dáhùn ní júùlù, ẹ ti dà bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọjọ́ orí, tó dárúkọ àdúgbò.

Ipá: ìgbà wo ni okùn kànga ń já?

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí kànga. Garawa àti omi inú rẹ̀ jẹ́ kìló 10. Ilẹ̀ ń fà á ní níútìn 100, tí a bá mú g ní 10 bí WAEC ṣe ń gbà wá láyè. Ọkùnrin yìí ń fà á bọ̀ ní ìrọ̀rùn, eré rẹ̀ kò yí padà. Ipá mélòó ló wà nínú okùn? Ẹ dáhùn!

Mo gbọ́ "ó ju 100 lọ". Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín gbà pé ohun tó ń gòkè, ipá tó ń fà á sókè gbọ́dọ̀ borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níútìn 100 géérégé ni. Ọmọkùnrin kan bá mi jiyàn lórí èyí nígbà kan títí agogo fi lù. Ó ní, "Sà, tí wọ́n bá dọ́gba, kí ló dé tí garawa kò dúró sójú kan?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi ju ìdáhùn ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá mi. Okùn kànga ilé wa ti gbó, a ti so ó ní kókó bíi mẹ́ta. Ìyá mi máa ń kígbe pé, "Má já a gbà o! Rọra gbé e!" Ìgbà wo ló ń já? Ǹjẹ́ ẹ ti rí okùn tó já ní àárín kànga nígbà tí garawa ń bọ̀ jẹ́jẹ́? Ó ṣọ̀wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń já, nígbà tí ọmọdé tó ń kánjú bá fà á fìrì. Torí ìbẹ̀rẹ̀ ni garawa ń ti ìdúró bọ́ sí eré, ìgbà náà nìkan sì ni ipá okùn ní láti ju ìwúwo garawa lọ. Tí eré rẹ̀ bá ń fi mítà 5 lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, okùn ní láti san níútìn 100 tí ilẹ̀ ń bèèrè, kó tún fi 50 (kìló 10 ìgbà 5) lé e. 150 nìyẹn. Okùn gbígbó tó lè gba 120 á gbé garawa jẹ́jẹ́ láàárọ̀ dalẹ́, á sì já mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó o bá fi ìkánjú fà á. Tí eré rẹ̀ kò bá yí padà mọ́, 100 ti tó: eré tó ti ní tẹ́lẹ̀ ló ń bá lọ. Ìyá mi kò mọ orúkọ Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ òfin rẹ̀ kejì dunjú: ipá tó bá ṣẹ́kù ló ń yí eré padà.

Newton fúnra rẹ̀ tẹ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kọ lórí ipá àti ìrìn jáde ní 1687, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa ń tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ lójoojúmọ́ nínú mọ́tò. Ẹ wọ mọ́tò láti Kútọ̀, dírẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì, orí yín fẹ́ gbá síjókòó iwájú. Kí ló tì yín síwájú?

"Mọ́tò!" Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Dìde, ọmọ mi. Mọ́tò ń fẹ́ dúró, báwo ló ṣe máa tì ẹ́ síwájú? Ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó fọwọ́ kàn án: ìjókòó wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ń fà á mọ́lẹ̀. Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tì í? Kò sẹ́nìkan. Ẹ̀yin àti mọ́tò jọ ń sáré bọ̀ ni. Bíréèkì di mọ́tò mú, kò sẹ́ni tó di ẹ̀yin mú. Eré tẹ́ ẹ ti ń sá tẹ́lẹ̀ lẹ̀ ń bá lọ. Ìdí tí bẹ́líìtì fi wà nìyẹn: òun ni bíréèkì tiyín.

Nítorí náà, nínú ìbéèrè ipá, ya àpótí kékeré kan, pè é ní garawa tàbí mọ́tò tàbí èèyàn. Kí o bi í pé: ta ló fọwọ́ kàn ọ́? Ya ọfà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń tì í tàbí tó ń fà á. Ẹni tí kò fọwọ́ kàn án kò lè tì í, àfi ilẹ̀, tó ní ọwọ́ gígùn (òòfà àti iná mànàmáná náà ní in, àmọ́ wọn kò sí nínú ìbéèrè tòní). Gbogbo ọfà tí o kò bá lè dárúkọ ẹni tó ta á, nù ún kúrò.

Agbára: ìwé ìṣirò alájọ

Ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ báyìí, inú ti bí èèyàn sí mi lórí rẹ̀ rí. Alábàárù gbé àpò ìrẹsì kìló 50 lérí, ó rìn ní ilẹ̀ títẹ́jú láti ibùdókọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù oníbàárà, ìrìn mítà 200. Òógùn bò ó. Iṣẹ́ mélòó ló ṣe lórí àpò náà?

Òdo. (Ariwo.) Ẹ ṣe sùúrù, ẹ ṣe sùúrù! Màmá tó jókòó níwájú yìí ti ń wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ san owó alábàárù. Ẹ má fi owó rẹ̀ dù ú o. Nínú fìsíìsì, iṣẹ́ ni ipá tó bá ìrìn lọ. Orí alábàárù ń ti àpò sókè. Àpò ò lọ sókè, iwájú ló lọ. Àpò náà kò gba kọ́bọ̀ kan nínú agbára alábàárù. Níbo wá ni agbára rẹ̀ lọ? Inú iṣan ara rẹ̀ ló ná an sí, ó di ooru, ooru ló fa òógùn tẹ́ ẹ rí. Ìgbà tó gbé àpò kúrò nílẹ̀ dé orí, mítà kan ààbọ̀, ìgbà yẹn ló ṣiṣẹ́ fún àpò: níútìn 500 ìgbà mítà 1.5, júùlù 750.

Ẹ fi alájọ wé e. Owó kì í ṣàdédé pòórá nínú ìwé alájọ. Tí kò bá sí lọ́dọ̀ ẹ, ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìbéèrè agbára kò ní ọfà, kò ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ohun tí yóò bi yín kò ju mẹ́ta lọ: mélòó ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, mélòó ló kù, ta ló gba ìyókù?

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ júùlù, James Joule, ọmọ apọnbíà ni, ní Salford lẹ́bàá Manchester. Wọ́n bí i ní 1818. Ó so òkúta òṣùwọ̀n mọ́ okùn, òkúta ń sọ̀kalẹ̀, okùn ń yí àjẹ̀ kékeré nínú omi, omi sì ń móoru. Díẹ̀ ni o, kò tó ohun tí ọwọ́ lè mọ̀, àmọ́ tẹmómítà rẹ̀ rí i. Bó ṣe fi hàn nìyẹn pé agbára òkúta tó ń já bọ̀ àti ooru inú omi, owó kan náà ni, wọ́n kàn pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Iye rẹ̀ ló ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Láti mú kí lítà omi kan fi ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo gbóná sí i, júùlù 4,200 ló ń gbà. Kànga mítà 10, garawa kìló 10: júùlù 1,000 lẹ̀ ń ná lórí garawa kan. Ó túmọ̀ sí pé kí lítà omi kan tó ti 30 dé 100, kó hó, agbára tó bá a lọ tó fífa omi nínú kànga yẹn ní garawa 294! Àárẹ̀ á ti mú yín kẹ́ ẹ tó dé ogún. Ẹ rí ìdí tí owó gáàsì fi ń ká wa lára. Yúníìtì iná mànàmáná kan ṣoṣo tẹ́ ẹ sì ń rà sórí mítà, júùlù 3,600,000 ló wà nínú rẹ̀: garawa 3,600. Mo mọ̀ pé a máa ń ráhùn lórí owó iná, èmi náà ń ráhùn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin kankan tó máa fa garawa 3,600 fún mi ní iye yẹn.

Ẹ̀yin ọmọkùnrin tó ń fojú sí ọ̀kadà, èyí kàn yín. Ọ̀kadà àti ẹni tó gùn ún, kìló 200. Ó ń sá mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn kìlómítà 36 ní wákàtí. Agbára eré rẹ̀ (ìdajì kìló rẹ̀, ìgbà eré, ìgbà eré) jẹ́ júùlù 10,000. Ká ní táyà lè fi níútìn 1,000 di ilẹ̀ mú. Kó tó dúró, á wọ́ dé mítà 10. Ó wá sá a ní ìlọ́po méjì, kìlómítà 72. Mítà mélòó? Ẹ má sọ 20 fún mi. Eré di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin, 40,000. Táyà kò sì ní ju 1,000 rẹ̀ lọ. Mítà 40. Ewúrẹ́ tó wà ní mítà 30, ẹ bá mi kí ẹlẹ́ran rẹ̀.

Ohùn: ìlù, àpáta, àti jẹnẹrétọ̀ méjì

Ohùn, ọmọ Yorùbá kò yẹ kó gba òdo níbẹ̀. Ilé ìlù la ti wá. Onídùndún fi apá tẹ ọsán mọ́ ìhà, awọ le, ó ń yára gbọ̀n, ohùn lọ sókè. Ó dẹ apá, awọ dẹ̀, ohùn bọ́ sílẹ̀. Ó wá fi kọ̀ǹgọ́ lù ú kíkankíkan: ṣé ohùn lọ sókè? Rárá, ariwo ló pọ̀ sí i. Apá ń sọ dò, re, mí. Kọ̀ǹgọ́ ń sọ bí ariwo ṣe tó. Èdè wa tún dẹ pańpẹ́ fún wa níbí, torí a máa ń ní "gbé ohùn sókè" nígbà tó jẹ́ ariwo là ń bèèrè. Tẹ́ ẹ bá rí ìbéèrè ohùn, ẹ bi í pé: apá ni àbí kọ̀ǹgọ́?

Gbohùngbohùn ńkọ́? Ẹnì kan dúró níwájú àpáta, ẹ jẹ́ ká ní Olúmọ wa ni, ó pàtẹ́wọ́, ó gbọ́ ọ padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ń rin mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́. Báwo ni àpáta ṣe jìnnà tó? Lọ́dọọdún ni mò ń fi pupa fa 340 já. Ohùn lọ, ohùn bọ̀! 170 ni. Ẹni tó bá sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu kò lè gbàgbé, torí kò sí bí ẹ ṣe máa ròyìn ẹni tó lọ sọ́jà kẹ́ ẹ má dá a padà sílé.

Àrá rọrùn jùyẹn, àlọ nìkan ló ní. Ẹ rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́ta mẹ́ta ni kìlómítà kan kan. Tẹ́ ẹ bá ka mẹ́fà kó tó sán, kìlómítà méjì ni. Tẹ́ ẹ ò bá rí kà, ẹ wọlé.

Èyí tó kẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ ilé yín ń pariwo ní dẹ́síbẹ́lì (òun la fi ń wọn ariwo) 70 níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Aládùúgbò tan tirẹ̀, irú kan náà, jíjìn kan náà. Ó di mélòó? Mo gbọ́ 140. Ẹ̀yin ọmọ mi, 140 á ba etí jẹ́ lójú ẹsẹ̀! 73 ni. Òǹkà dẹ́síbẹ́lì kì í ṣe òǹkà owó. Tí agbára ohùn bá di ìlọ́po mẹ́wàá, 10 ló ń fi lé e; tó bá di ìlọ́po méjì, 3 péré. Kí àdúgbò yín tó kúrò ní 70 bọ́ sí 80, ilé mẹ́wàá ló máa tan jẹnẹrétọ̀. Mo mọ̀ pé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ wà, inú rẹ̀ ni mò ń gbé.

Alága ti ń wo aago, mo rí yín sà. Ẹ jẹ́ n fi ìbéèrè kan sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìdáhùn rẹ̀ wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò lóde, mo ní kálíkúlétọ̀ kan lọ́wọ́ fún un. Ẹ mú òkúta kékeré kan, ẹ jọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu kànga. Ẹ gbọ́ "kúlú" lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì gééré. Báwo ni omi ṣe jìn tó? Ẹ mú g ní 10. Ẹni tó bá sọ fún mi pé mítà 20 ni, màá ní kó padà lọ jókòó, kó tún ìtàn náà sọ látìbẹ̀rẹ̀, kó sì ṣọ́ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí òkúta ti débi omi.

Ẹ má sì dán an wò nínú kànga onílé yín. Ẹ ṣé o.